Jẹjẹrẹ àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ràn

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ yín lè kó melanoma, oríṣi jẹjẹrẹ awọ kan, tí wọ́n rí ní àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá ìyàwó yín, nítorí pé orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ń fà á. Kì í ràn. Ẹní, bàtà, kàn-ìn-kàn-ìn tàbí omi ìwẹ̀ kò lè gbé e dé ara ọmọ kankan, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ara ìyá fúnra wọn ni ó yíwọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn ti ìyá wọn àgbà.

Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi sọ ọ́ báyìí. Aláró ni mí ní Ìtòkú, nítorí náà nígbà tí àmì dúdú kan yọ ní gìgísẹ̀ òsì mi, gbogbo ilé gbà pé aró ni. Ṣùgbọ́n aró a máa ṣí bí a bá sinmi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí kò ṣí, ńṣe ni ó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ sì rí ségesège. Dókítà àkọ́kọ́ fi abẹ fá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní awọ líle lásán ni, kò sì fi ohun tí ó gé ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kankan. Oṣù mẹ́jọ ni a fi wẹ egbò. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sì sọ fún ọkọ mi pé kí ó ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àbígbẹ̀yìn mi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí mi, èyí sì dùn mí ju abẹ lọ.

Nígbà tí dókítà mìíràn gé díẹ̀ níbẹ̀, èmi fúnra mi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹran tí kò tó hóró ẹ̀wà kan ni, nínú ìgò kékeré olómi tí òórùn rẹ̀ le; mo wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e lé itan láti Pánsẹ́kẹ́, n kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọrí rẹ̀ títí a fi dé. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi sọ pé èsì kò tíì jáde, kí a tó rí i pé wọ́n ti fi ìwé mi mọ́ ti ẹlòmíràn láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tẹ̀lé ìwé náà fúnra yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gé e, wọ́n fi awọ itan mi dí ojú rẹ̀, ó jinná.

Ní ti ohun tó ń fà á, dókítà kan bi mí léèrè bí mo ṣe ń pẹ́ nínú oòrùn tó, bí ẹni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ń yà sí oòrùn. Òótọ́ ni pé oòrùn ń fa ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ awọ lára àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n oríṣi yìí, tí ó máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná, oòrùn kọ́ ni olórí ohun tó ń fà á. Inú sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú ni ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò sì tíì rí ohun kan ṣoṣo tọ́ka sí. Ìka ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pa á ní 1981 ní ẹni ọdún 36. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá pé ẹbọ ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì wá da oje ewé tí ń jó awọ sí i.

Kí ìyàwó yín yẹ ẹsẹ̀ kejì ìyá wò, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, kí ó sì fọwọ́ wá ibi tí itan ti pàdé ikùn. Bí ó bá kan kókó níbẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà.