Epo ẹja tó jẹ ife fóòmù kò lè fọ iṣan ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn. Ní ibùdókọ̀ kan ní Ṣàgámù, ọkùnrin kan da epo ẹja sínú ife fóòmù, ìdí ife náà sì jẹ tán lójú wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe fọ ọ̀rá inú iṣan ìyá mi, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mélòó ni kí wọ́n máa lò lójúmọ́?

Ìdáhùn: Kí ìyá yín má ṣe jáwọ́ nínú oògùn wọn. Ní ti ife yẹn, ẹ̀yin ni ẹni kẹrin tí yóò gbé idán kan náà wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù yìí, ó sì ti sú mi.

Nínú ẹja, ọ̀rá omega-3, pàápàá EPA àti DHA, máa ń so mọ́ gílísẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn èròjà tí ó ń so ọ̀rá pọ̀, mẹ́ta lára ẹyọ kan. Òun ni à ń pè ní tráíglísẹ́ráìdì. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kí EPA àti DHA pọ̀ sí i nínú epo, wọn á já ọ̀rá náà kúrò lára gílísẹ́rọ́ọ̀lù, wọn á so ó mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí ó wà nínú ògógóró, wọn á sì sè é níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, kí iná púpọ̀ má baà bà á jẹ́. Àwọn kan tún máa ń fi ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tí ń mú kí ìyípadà yá, dá a padà sára gílísẹ́rọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n owó ńlá ni ìyẹn. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lára ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń tètè jẹ fóòmù. Pẹtiróòlù náà ń jẹ ẹ́, a kò sì rí ẹni tí ó bu pẹtiróòlù fún ìyá rẹ̀ mu.

Nígbà tí wọ́n bá gbé epo náà mì, inú ìfun ni yóò ti túká, ara yóò sì tún un tò kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá tí à ń bẹ̀rù pàápàá kò dì mọ́ ojú iṣan bí epo pupa ṣe ń dì mọ́ ìgò nígbà ọyẹ́. Inú ògiri iṣan gan-an ni ó wà, awọ sì bò ó.

Ohun tí epo ẹja ń ṣe ní tòótọ́ ni pé ó ń dín tráíglísẹ́ráìdì tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù. Fún ẹni tí tirẹ̀ ga gan-an, dókítà lè kọ gíráàmù 4 omega-3 lójúmọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ike tí ẹ rà: iwájú lè sọ pé epo 1000 mg ni ẹyọ kan, kí ẹ̀yìn sọ pé EPA 180 mg, DHA 120 mg, àpapọ̀ 300 mg péré. Ẹni tí yóò fi irú èyí pé gíráàmù 4 yóò gbé bíi ẹyọ 13 mì lójúmọ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dán an wò, nítorí pé bí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rú fún àwọn mìíràn, ó sì gba ìṣọ́ra fún ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí ara rẹ̀ kọ ẹja.

Nítorí náà, n kò ní dá iye kankan fún ẹni tí n kò rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ kó ike náà àti oògùn wọn lọ fún dókítà wọn. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ẹyọ kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn kì í pẹ́ ba epo yìí jẹ́, bí ó bá sì ti kan, ẹ dà á nù. Ẹja Titus tàbí ṣawá nínú ìkọ́kọrẹ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò nílò ìwé dókítà.