Kí ló ń mú kí fíìmù ìjà onísáyẹ́ǹsì yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ràn fíìmù ìjà tó dá lórí àròsọ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n kì í rántí ju iná àti ariwo lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Terminator 2 tí mo wò lọ́mọdé kò kúrò lọ́kàn mi dòní. Ṣé owó tí wọ́n ná lé e lórí ló fà á ni? Olùkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Owó náà pọ̀ lóòótọ́, nítorí nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná kí fíìmù náà tó jáde ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́, The Terminator, tí James Cameron tó darí èkejì yìí náà darí ní ọdún 1984, kò gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6 lọ, àwọn ènìyàn kò sì gbàgbé òun náà.

Lójú tèmi, fíìmù irú èyí máa ń yọrí nígbà tí ohun àrà tí wọ́n fi ojú inú dá bá jẹ́ òun gan-an ló ń pinnu bí ìjà yóò ṣe lọ, débi pé a kò lè gbé ìjà náà sínú ìtàn mìíràn. Ẹ wo T-1000, ẹ̀rọ apànìyàn tí wọ́n rán wá láti ọjọ́ iwájú kí ó wá pa ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ John nínú Terminator 2; òṣèré Robert Patrick ló kó ipa rẹ̀. Irin tó ń ṣàn bí omi ni. Bí ọta ìbọn bá dá ihò sí i lára, ihò náà á dí padà. Ó lè gbé àwọ̀ ẹni tó bá fara kàn wọ̀, ó lè sọ apá rẹ̀ di ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò lè di ìbọn tàbí bọ́ǹbù. Wọ́n sọ òfin yìí fún wa ní tààràtà, wọn kò sì rú u. Nítorí pé ìbọn kò lè pa á, àfi kí John àti Sarah ìyá rẹ̀ máa sá. Nítorí pé ó lè jọ ẹnikẹ́ni, John kò lè fọkàn tán ohùn tó dá a lóhùn lórí tẹlifóònù. Náítírójìn olómi mú un dì gbagidi, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ooru tún yọ́ ọ padà, inú irin yíyọ́ ló sì parí sí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń sọ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lọ nínú fíìmù tó lé ní wákàtí 2. Stan Winston, oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣe ohun àrà fún fíìmù, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fọwọ́ ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìyókù.

Síbẹ̀, ibi tí mo máa ń padà sí jù ni ilé Dyson, onímọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò bí àwọn ẹ̀rọ apànìyàn náà lọ́jọ́ iwájú. John ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń dáàbò bò ó, tí Arnold Schwarzenegger kó ipa rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni mọ́, Sarah tó jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wá na ìbọn sí baba ọlọ́mọ níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.