Morituri: ẹnì kan ni àbí ọ̀pọ̀ èèyàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ Látìn fúnra mi, mo wá rí "Have imperator, morituri te salutant". Nítorí -i tó wà nídìí morituri, mo ní "ti ẹni tó fẹ́ kú" ni, bíi domini tó jẹ́ "ti olúwa". Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni. Ta ló gbà á nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ló gbà á, àmọ́ ẹ̀yin náà ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Morituri lè jẹ́ "ti ẹni tó fẹ́ kú" lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ "àwọn tó fẹ́ kú", bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ méjèèjì, fáàbù ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ wo salutant, -nt yẹn ń sọ pé àwọn tó ń kí èèyàn pọ̀, tó bá jẹ́ ẹnì kan ni, salutat ni wọn ì bá kọ. Tẹ́ ẹ bá sì ní "ti ẹni tó fẹ́ kú" ni, kí ló wá jẹ́ tiẹ̀? Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. "Kábíyèsí, àwọn tó fẹ́ kú ń kí yín o" nìtumọ̀ ẹ̀ (te yẹn "ìwọ" ni ṣá, Látìn ayé ọjọ́un ò mọ "ẹ̀yin" tá a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà).

Moriturus ló ti wá, participle ọjọ́ iwájú (ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ lára fáàbù láti fi júwe ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan) ti morior, "mò ń kú". Moriens lẹni tó ń kú lọ lọ́wọ́, mortuus lẹni tó ti kú, moriturus lẹni tó kù díẹ̀ kó kú, ẹ má lọ kọ mortuurus o. Bíi bonus, "dáadáa", ni ìdí ẹ̀ ṣe ń yí, bí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn bá ṣe rí: moriturus, morituri, morituro, moriturum, morituro. Tí wọ́n bá pọ̀: morituri, moriturorum, morituris, morituros, morituris. Tobìnrin á máa lọ bíi bona: moritura, moriturae. Moriens ò sí lágbo yìí, morientis ni "ti ẹni tó ń kú lọ".

Suetonius, òpìtàn ará Róòmù, ló kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ja ogun ojú omi fún ìran wíwò ní adágún Fucinus ní Ítálì lọ́dún 52 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ló kí Claudius, olú ọba Róòmù, bẹ́ẹ̀, lòun náà bá fèsì pé "Aut non", àbí kẹ́ ẹ má kú. Gírámà náà sì gbà á láyè, torí -urus ń sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni, kò ní ó ti ṣẹlẹ̀. Làwọn yẹn bá ní ó ti dárí ji àwọn nìyẹn, àwọn ò jà mọ́, àfìgbà tó rọ̀ wọ́n tó tún halẹ̀ mọ́ wọn kí wọ́n tó jà.