Ẹ Bi Wá: Ìdíje Ẹja Pípa Oníkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ikọ̀ ibi iṣẹ́ wa ní Birmingham fẹ́ lọ díje ní adágún kan. Kí ló dé tí olórí ikọ̀ ní kí n má lé káàpù (ẹja carp) ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń pín etí adágún sí abala, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì ní ẹnì kan níbẹ̀. Bí ikọ̀ bá jẹ́ 6, ẹni tí àpapọ̀ ẹja rẹ̀ wúwo jù lábala gba máàkì 1, ẹni ìkẹyìn gba 6. Ikọ̀ tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré jù ló borí. (Àwọn olùṣètò kan ń ṣe é ní òdìkejì, ẹ bèèrè.) Kílò 40 tàbí kílò 5, ipò kìíní ni ipò kìíní. Àìrí ẹja rárá ló ń ba ikọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ohun kékeré tó wúwo, tí ẹ so mọ́ okùn, wọn jíjìn omi, kí ìjẹ lè kan ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀ nọ́ńbà 18, ìdin kan tàbí méjì, fún àwọn ẹja kéékèèké bíi roach àti perch. Ẹ máa ju ìdin bíi 10 sómi lemọ́lemọ́. Bí ẹ bá da púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹja á yó, kò ní fọwọ́ kan ìwọ̀. Wákàtí tó kẹ́yìn ni káàpù sábà máa ń sún mọ́ bèbè: ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé okùn tó nípọn.

Ẹ má ṣe kó ẹja kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí sínú àwọ̀n kan tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja tí ẹ ti pa. Wọ́n lè má ka àlékún náà mọ́ ọn. Ìwé àṣẹ ẹja pípa ti Environment Agency (àjọ ìjọba tó ń bójú tó odò àti adágún ní England) ńkọ́? Dandan ni.