Ètè tó ń wú tí Piriton kò ràn: ẹ wo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn

Ẹ kú aájò màmá o. Ẹ ní ètè wọn wú lójijì, ìkejì rẹ̀ nìyí láàárín oṣù mẹ́ta. Ara wọn kò sú, kò sì yún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lo Piriton kó tó lọ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ sọ hóró kan di méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ẹ wá páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jáde. Bí orúkọ rẹ̀ bá parí sí “pril” (lisinopril, ramipril, enalapril, captopril), ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí náà dáadáa, torí òògùn alápòpọ̀ máa ń fi orúkọ yẹn pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní.

Àwọn kẹ́míkà kan wà nínú ara tí kì í rìn jìnnà: ibi tí wọ́n ti tú jáde ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Histamine ni a mọ̀ jù nínú wọn. Tó bá tú jáde lábẹ́ awọ, á lọ jókòó sórí àga tirẹ̀, ìyẹn ibi tó máa ń lẹ̀ mọ́ lára iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan á fẹ̀, omi á jò jáde, ara á wú, á sì máa yún. Piriton kì í lé histamine lọ, ó kàn ń ṣáájú rẹ̀ jókòó sórí àga náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi dára kéèyàn tètè lò ó. Hóró 4 mg ni, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn. Fún arúgbó, kó má ju 12 mg lọ lójúmọ́. Ó ń wọ ọpọlọ, ó ń mú oorun wá, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ìtọ̀ sì lè há mọ́ bàbá tí próstéètì rẹ̀ tóbi.

Ti màmá yín, tí ara kò sú tí kò sì yún, jọ ti bradykinin, kẹ́míkà mìíràn nínú ara. Òun náà ń mú iṣan jò, ṣùgbọ́n àga tirẹ̀ yàtọ̀, Piriton kò dé ibẹ̀. Énsáìmù kan, èròjà ara tó ń fọ́ nǹkan, ló máa ń fọ́ bradykinin túútúú. Énsáìmù yẹn kan náà ni òògùn “pril” ń dá dúró kí ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀. Bradykinin á wá kó jọ. Ikọ́ gbígbẹ tí àwọn tó ń lo òògùn yìí máa ń wú, ibẹ̀ náà ni wọ́n kà á sí. Àwa aláwọ̀ dúdú sì ni wíwú yìí ń bá jù.

Ohun méjì ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Èkíní, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta tí wọ́n ti ń lo òògùn náà láìsí wàhálà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì, wíwú náà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, wọ́n á wá ní Piriton ló wò ó. Lójú tèmi, èyí gan-an ló léwu, torí ìgbà mìíràn tó bá dé, ó lè jẹ́ ahọ́n tàbí ọ̀fun ni yóò wú.

Bó bá jẹ́ “pril” ni wọ́n ń lò, kí wọ́n má lo hóró rẹ̀ tó kàn. Lónìí náà, ẹ gbé páálí yẹn lọ bá dókítà kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ láìsí òògùn. Amlodipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kì í fọwọ́ kan bradykinin. Losartan náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ìwọ̀nba èèyàn wú, nítorí náà kí wọ́n máa ṣọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ilé ìwòsàn pé wọn kò gbọdọ̀ lo “pril” kankan mọ́ láéláé. Ó ṣì lè wú lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Ìyẹn kò ní kí ẹ padà sí i.

Bí ahọ́n bá wú, tí ohùn yí padà, tí itọ́ ń dà tàbí tí èémí ń hó, ẹ má dúró de ohunkóhun, ilé ìwòsàn ni. Bó bá jẹ́ pé ara sú, ó ń yún, àyà ń há, òyì sì ń kọ́ wọn, ti histamine nìyẹn. Abẹ́rẹ́ adrenaline 0.5 mg sí ẹ̀gbẹ́ itan ni òṣìṣẹ́ ìlera máa fún àgbàlagbà, wọ́n sì lè tún un fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Piriton kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ tún bi màmá bóyá wọ́n ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún eékún. Àwọn náà máa ń mú ètè àti ojú wú, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́.