Ògún Onírè nínú ọkẹ́sírà: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá kúáyà ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, mo ń kọ orin tí ò ní ọ̀rọ̀ fún ọkẹ́sírà lórí Ògún Onírè, ìlù ńlá àti tìróńpẹ́ẹ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àmọ́ ariwo lásán ló ń dún, kò ba èèyàn lẹ́rù rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, inú ìtàn yẹn gan-an ni kẹ́ẹ padà sí. Ògún kì í ṣe ará Ìrè, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Ó ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá wọn níbi àjọ tí wọn ò gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kí i, ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni, ló bá fa idà yọ. Ṣẹ́ẹ rí i, ìdákẹ́jẹ́ ló bí ìbínú yẹn!

Torí náà ẹ gbé ìlù sẹ́yìn ná. Kí báàsì àti sẹ́lò di ohùn kan ṣoṣo mú nísàlẹ̀, kí fáyólìn máa dún wúyẹ́wúyẹ́ lókè, kí agogo dún lẹ́ẹ̀kan, kó kú tán pátápátá kó tó tún dún. Ti agbè òfìfo yẹn, kí onífèrè kàn fẹ́ atẹ́gùn sínú fèrè láìsí ohùn, ibẹ̀ yẹn ló wù mí jù.

Sibelius, ará Finland tó ń kọ orin fún ọkẹ́sírà, ṣe irú ẹ̀ ní 1895 fún ẹyẹ odò ilẹ̀ àwọn òkú, cor anglais kan, irú fèrè onígi kan, ló fi ṣe ohùn ẹyẹ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ fún Ògún ní trombone, fèrè idẹ tó ń dún nísàlẹ̀ ju tìróńpẹ́ẹ̀tì lọ, kó máa sun ìjálá. Ìgbà tí idà bá jáde ni kí àgẹ̀rẹ̀, ìlù àwọn ọdẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà kí gbogbo ẹ̀ máa rì padà sí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, torí Ògún wọlẹ̀ ní Ìrè ni.