Agogo Bàbá ní Adámásingbà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, bàbá tó ń lu agogo fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ládùúgbò wa ti jáde láyé. Báwo la ṣe máa rántí wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo mọ agogo yẹn! Kì í dákẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń nà wá. Bàbá kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bú agbábọ́ọ̀lù wa létí wọn. Wọ́n wà ní pápá ìṣeré Adámásingbà lọ́dún 1992, nígbà tí a na Villa ti Uganda 3-0, tí a gba ife CAF ti ilẹ̀ Áfíríkà. Pósítà nìkan kò tó. Ẹ lọ fi fóònù gba ohùn àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó wòran sílẹ̀: orin wo ni bàbá ń dá, ọmọ ta ni wọ́n ń sanwó ìwọlé fún? Àwọn àgbà yẹn náà ń dàgbà sí i, ẹ tètè lọ.